Kí A Tó Gé Okùn Àtijọ́

Nọ́ńbà tẹlifóònù kì í yára kú. Lára ògiri àwọn ilé ìtajà àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, lórí pátákó àwọn nótéè, àti lẹ́yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó tí àwọn ìyá wa tọ́jú sínú àpótí, a ṣì ń rí nọ́ńbà oní-òǹkà mẹ́fà tí a kọ nígbà tí ìlà tẹlifóònù jẹ́ ohun àmúyangàn fún ìdílé tó bá ní in. Nígbà tó yá, nọ́ńbà wọ̀nyí di oní-òǹkà mẹ́jọ: ti Àjàṣẹ́ gba 20 síwájú, ti Kútọnu gba 21. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, orílẹ̀-èdè Benin tún kúrò lórí òǹkà mẹ́jọ, ó bọ́ sórí mẹ́wàá, a sì fi 01 ṣíwájú. Síbẹ̀, nídìí nọ́ńbà àtijọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn kan wà tí wọn kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè fi kan ilẹ̀kùn ẹni tí wọ́n ń wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni láti máa so tẹlifóònù fún àwọn bùrò, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn, láti Kútọnu títí dé Àjàṣẹ́, nígbà mìíràn títí dé Pọ́bẹ̀ àti Kétu. Lóde òní, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè ni tẹlifóònù tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo oníṣẹ́ ń pè ní VoIP. Wọn kò ṣì í. Pẹ̀lú rẹ̀, bùrò tó wà ní Kútọnu lè bá ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Kétu sọ̀rọ̀ láìsan owó ìpè. Nọ́ńbà kan ṣoṣo lè dún ní yàrá mẹ́wàá. Ẹni tó bá sì rin ìrìnàjò lè gbé tẹlifóònù bùrò rẹ̀ dání nínú kọ̀ǹpútà. Ibi ìlà àtijọ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí a ṣe sí i? Àwọn kan ní kí a gé e dànù. Àwọn mìíràn fi í sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ kan, kí ó máa dún fún eruku. Èrò tèmi, tí mo fẹ́ fi lọ ẹ̀yin òǹkàwé wa, ni pé kí a so ó pọ̀ mọ́ tuntun, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ gbogbo iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láìsọ̀rọ̀. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà OPT, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìfìwéránṣẹ́ àti tẹlifóònù kí a tó pín in sí méjì. Ohun àkọ́kọ́ tí ó fi hàn mí kì í ṣe tẹlifóònù rárá. Wáyà bàbà méjì tí a lọ́ mọ́ra ni. Ó fi ẹ̀rọ òṣùwọ̀n kàn wọ́n, ó sì ní kí n ka ohun tí mo rí: volt 48, tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iná yìí kò ti inú ilé wá. Bátìrì ńlá ńlá tó wà ní ibùdó tẹlifóònù, tí a ń pè ní central, ló ń tì í gba inú bàbà wá. Nígbà tí tẹlifóònù bá wà lórí ìjókòó rẹ̀, iná kò rọ́nà ṣàn. Bí a bá gbé e sókè, ọ̀nà ṣí, iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, volt 48 yóò sì já wálẹ̀ sí nǹkan bíi mẹ́wàá tàbí kí ó má tó o. Bẹ́ẹ̀ ni central ṣe ń mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀, tí ó sì ń fún un ní ohùn gbọọrọ tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti là. Bí a bá ti ń sọ̀rọ̀, ohùn wa ni yóò máa mú ìṣàn iná náà lọ sókè sódò, gẹ́gẹ́ bí ohùn náà ti rí gan-an. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ìdí nìyí tí tẹlifóònù àtijọ́ fi ń dún nínú ilé tí iná ti lọ láti àná.

Ọ̀nà tuntun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ yóò wọn ohùn wa ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò sọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan di òǹkà, yóò sì di àwọn òǹkà náà ní ìdì kéékèèké. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdì 50 ni ó máa ń rán jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà, bí ẹni ń rán agbọ̀n ẹyin lọ sọ́jà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ẹni tó bá ń fi VoIP ṣiṣẹ́ kò nílò àlàyé lórí òwe yìí. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá há, ìdì kan pẹ́ lọ́nà, òmíràn sọnù, ẹni tó ń gbọ́ yóò sì rò pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ń kólòlò. Bí iná bá lọ, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ọ̀nà méjèèjì kò gbọ́ èdè ara wọn. Èkíní ń sọ iná, èkejì ń sọ òǹkà. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ kan sáàárín wọn. Ní èdè Faransé, a ń pe ẹ̀rọ yìí ní passerelle, èyíinì ni afárá kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ gbà kọjá. Orúkọ náà kò burú, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ ni mo máa ń pè é nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé fún àwọn oníbàárà mi. Afárá kò bìkítà nípa ohun tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ó yé e, kí ó sì tún un sọ fún ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Yorùbá àti Faransé nínú ìwé kan náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ni a ń túmọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà nítumọ̀, ìkíni náà nítumọ̀, bí ènìyàn ṣe ń dágbére náà nítumọ̀.

Ògbufọ̀ yìí ní oríṣi ẹnu méjì, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra. Wọ́n ń pe èkíní ní FXO. Ẹnu yìí ń ṣe bí ẹni pé tẹlifóònù ni òun: òun ni a ń ki ìlà tó ti central wá bọ̀, òun ló ń gba agogo, òun ló ń dáhùn. Wọ́n ń pe èkejì ní FXS. Eléyìí ń ṣe bí ẹni pé central ni òun: òun ló ń fúnni ní iná, tí ó sì ń mú kí agogo dún, òun ni a sì ń so tẹlifóònù àtijọ́ tàbí ẹ̀rọ fáàsì mọ́. Bí a bá ki ìlà central bọ ẹnu FXS, iná méjì yóò pàdé, ẹnu náà sì lè jóná. Ẹnu méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni a fi ń mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé.

Lẹ́yìn ògbufọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń pín ìpè káàkiri wà, èyí tí àwọn ará bùrò wa ń pè ní standard. Nígbà kan rí, owó gọbọi ni wọ́n ń fi rà á, ilé ìfowópamọ́ àti ilé-iṣẹ́ ìjọba ló sì máa ń ní in. Ohun tó jẹ́ kí ilé ìwòsàn kékeré lè ní in lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Mark Spencer, ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ní ọdún 1999, ó nílò standard fún ilé-iṣẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, kò sì lówó tí ó lè fi rà á. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó kọ èyí tí yóò lò, ó pè é ní Asterisk, ó sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ti sọ dànù ní Kútọnu lè ṣe iṣẹ́ standard fún ilé-iṣẹ́ ogún ènìyàn nítorí oore yẹn.

Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú kí òǹkà nọ́ńbà wa tó di mẹ́wàá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí sí ilé ìgbẹ̀bí aládàáni kan ní Àjàṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Oníṣẹ́ kan ti bá wọn so VoIP, ó ti fi tẹlifóònù tuntun, dúdú tó ń dán, sórí gbogbo tábìlì, ó ti ki ìlà àtijọ́ méjì bọ ẹnu FXO, ó sì ti gba owó rẹ̀ lọ. Lójú ẹni tó bá wọlé lọ́sàn-án, iṣẹ́ náà pé. Òru ni àléébù rẹ̀ ń yọjú.

Ilé ìgbẹ̀bí yìí ti ń fi nọ́ńbà kan náà dáhùn fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Nọ́ńbà náà wà lẹ́yìn ìwé aboyún tí wọ́n ń fún gbogbo ìyá. Mo ní kí akọ̀wé wọn máa kọ gbogbo ìpè tó bá gba orí ìlà àtijọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì: wákàtí tó wọlé, ibi tó ti wá, ohun tí ẹni náà ń fẹ́. Ìpè ọ̀sán kò pọ̀; àwọn ará ìlú a máa pe tẹlifóònù alágbèéká. Àwọn tó ń pe ìlà àtijọ́ ni àwọn tó wà lókèèrè, ní Ifànyìn, ní Sakẹ́tẹ́, ní àwọn abúlé ọ̀nà Pọ́bẹ̀, tí ìyá àgbà inú ilé fúnra rẹ̀ ti bí ọmọ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì mú ìwé rẹ̀ jáde lóru nígbà tí ó kan ìyàwó ọmọ rẹ̀. Wọ́n ń pè kí wọ́n tó gbéra, kí a lè ṣí géètì, kí a lè jí agbẹ̀bí, kí a sì ránṣẹ́ sí dókítà bí ó bá yẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí n tó dé ibẹ̀, ọkọ kan pe nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀mẹta láti Ifànyìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbọ́ ohùn tó ń sọ pé ìlà kò ṣófo. Ó gbàgbọ́ pé agbẹ̀bí ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ sọ́kọ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Agbẹ̀bí sùn sítòsí tẹlifóònù tuntun tí kò dún. Orí bá wọn ṣe é: ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n ẹnu géètì tí a tì ni ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wáyé. Màmá tó jẹ́ olórí àwọn agbẹ̀bí ló sọ ìtàn náà fún mi. Ó fi ọwọ́ lé tẹlifóònù tuntun náà, ó ní, “Ọmọ mi, ó lẹ́wà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rọbí lóru kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ rẹ̀.” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Màmá.”

Ohun tí mo rí kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí ẹni méjì bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà bàbà, tí ọ̀kan bá sì gbé tẹlifóònù rẹ̀ kalẹ̀, central yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn gígé-gígé ránṣẹ́ sí ẹnì kejì. Ènìyàn gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí, òun náà gbé tirẹ̀ kalẹ̀. A ń ṣe é láìronú. Ẹ̀rọ kò mọ èyí àfi bí a bá kọ́ ọ. Àwọn central kan wà tí wọ́n máa ń yí iná wáyà méjèèjì padà, tàbí kí wọ́n gé e fún ìgbà kúkúrú, láti fi sọ fún ẹ̀rọ pé ẹni tó pè ti lọ. Ìlà ilé ìgbẹ̀bí yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀; ohùn nìkan ló fi ń sọ ọ́. Ti Amẹ́ríkà ni oníṣẹ́ àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú ògbufọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wá láti ilé-iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ohùn yẹn jẹ́ àpapọ̀ ohùn méjì, 480 Hz àti 620 Hz. Ní ilẹ̀ Faransé, ohùn ẹyọ kan ni, 440 Hz. Ògbufọ̀ tó ń retí ohùn méjì kò ní ka ohùn kan sí. Ẹni tó pè ti gbé tẹlifóònù kalẹ̀, akọ̀wé ti lọ sílé, ògbufọ̀ ṣì di ìlà mú, ó ń tẹ́tí sí ohùn tí kò yé e títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo gba ohùn ìlà náà sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mo wọn bí ó ṣe ga tó, bí ó ṣe ń pẹ́ tó kí ó tó dákẹ́, àti bí ìdákẹ́jẹ́ náà ṣe ń gùn tó, mo sì fi òǹkà wọ̀nyẹn rọ́pò ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn náà ni mo pe ìlà náà ní ogún ìgbà láti orí tẹlifóònù alágbèéká mi. Mo gbé e kalẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn. Mo gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dáhùn. Mo gbé e kalẹ̀ nígbà tí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ìlà ń ṣófo padà ní gbogbo ìgbà, mo tó gbà pé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Gbohùngbohùn ni ìkejì. Àwọn agbẹ̀bí ń sọ pé nígbà tí àwọn bá ń sọ̀rọ̀, àwọn ń gbọ́ ohùn ara àwọn tó ń padà bọ̀, bí ẹni ń kígbe sínú kànga. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ tuntun ló dá a sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wáyà méjì péré ni ìlà àtijọ́ ní, ohùn tó ń lọ àti ohùn tó ń bọ̀ sì jọ ń gba inú wọn. Níbi tí a ti ń yà wọ́n sọ́tọ̀, díẹ̀ nínú ohùn ẹni a máa já padà sí i létí. Láyé tẹlifóònù àtijọ́, ó ń yára padà tó bẹ́ẹ̀ tí etí kò fi lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tó ń jáde lẹ́nu. VoIP ń dá ohùn dúró díẹ̀ kí ó tó dì í, ó tún ń dá a dúró díẹ̀ kí ó tó tú u. Ìdádúró yìí ló tú àṣírí gbohùngbohùn tó ti wà níbẹ̀ látijọ́. Ohun tí a ń ṣe sí i ni pé kí a mú kí ẹnu FXO bá ìlà náà dọ́gba: òṣùwọ̀n ohm 600 ni Amẹ́ríkà ń lò, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ Yúróòpù yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, kí a dín agbára ohùn kù níwọ̀nba, kí a sì jẹ́ kí ẹ̀rọ pa ìyókù. Suúrù ló ń ṣe é ju owó lọ.

Iná ni ìkẹta, òun ló sì kan ẹ̀mí ènìyàn jù. Mo ti sọ pé central ló ń fún ìlà àtijọ́ níná. Tẹlifóònù tuntun, ògbufọ̀, standard, àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì, iná inú ilé ni gbogbo wọn ń jẹ. Onduleur lè gbé wọn dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n òru a máa gùn ju bátìrì onduleur lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú àkísà ìlà àtijọ́ ni iná ọ̀fẹ́ yìí wà. Nítorí náà, mo yan ògbufọ̀ tó jẹ́ pé bí iná bá lọ pátápátá, ìlà central yóò yẹ ẹ̀rọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì bọ́ tààrà sínú tẹlifóònù àtijọ́ kan tí a so mọ́ ọn. A gbé tẹlifóònù náà sí yàrá àwọn agbẹ̀bí: ti ìgbà OPT ni, àwọ̀ eérú, ó wúwo, agogo rẹ̀ lè jí òkú. Mo fi ẹ̀rọ tó ń dènà àrá síbi tí ìlà ti wọlé, mo sì rì í mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí okùn bàbà gígùn tó wà lójú òfuurufú a máa gbé àrá wọlé ní àkókò òjò.

Àwọn nǹkan kan kò gba àkókò púpọ̀. Ẹ̀rọ fáàsì tí wọ́n fi ń gba èsì àyẹ̀wò lọ sórí ẹnu FXS, mo sì rí i pé a kò fún ohùn rẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí fáàsì kò fara da ohùn tí a fún pọ̀. Mo mú kí a lè tẹ 118, tí a fi ń pe àwọn panápaná, yálà a fi 0 ṣíwájú tàbí a kò fi í; ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí òfin bùrò. Nígbà tí òǹkà nọ́ńbà wá di mẹ́wàá, mo padà lọ yí òfin tí mo kọ sínú standard padà, torí pé ẹ̀rọ tó bá ti kọ́ láti máa ka mẹ́jọ yóò rán ìpè jáde kí a tó tẹ méjì tó kù.

Ohun tó gbà mí lákòókò ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ohùn tó ń kí ẹni tó bá pè. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ti fi ohùn obìnrin kan síbẹ̀, ní èdè Faransé tó yọ̀ bí epo: tẹ 1 fún èyí, tẹ 2 fún tọ̀hún. Ìyá àgbà tó wà lábúlé ọ̀nà Pọ́bẹ̀ kò gbọ́ ọ, kò sì mọ̀ pé a lè bá tẹlifóònù sọ̀rọ̀ nípa fífi ìka tẹ̀ ẹ́. Màmá fúnra rẹ̀ jókòó, ó gba ìkíni sílẹ̀ ní Yorùbá. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ̀bí gba ti Ẹ̀gùn. Akọ̀wé gba ti Faransé. A jẹ́ kí wọ́n kúrú. Lẹ́yìn náà ni mo kọ òfin tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà: bí ẹni tó pè kò bá tẹ ohunkóhun, kí a má ṣe tún ìbéèrè bi í, kí a má ṣe gé e kúrò, kí gbogbo tẹlifóònù yàrá agbẹ̀bí máa dún. Akọ̀wé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ìyá kan wà tó jẹ́ pé bí ó bá ti gbọ́ ohùn Màmá, yóò dáhùn ìkíni náà, yóò béèrè àlàáfíà ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò sì dúró kí a dá a lóhùn. Kì í tẹ nǹkan kan. Títí yóò fi kí i tán, ènìyàn gidi ti gbé tẹlifóònù.

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí ilé ìgbẹ̀bí náà kò fi ra tẹlifóònù alágbèéká méjì péré, kí ó sì sinmi. Wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù alágbèéká a máa bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, òṣìṣẹ́ a máa bá nọ́ńbà rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, àti pé kò sí ẹni tó lè lọ gba ìwé aboyún ogún ọdún padà lọ́wọ́ àwọn ìyá kí ó lè tún ẹ̀yìn rẹ̀ kọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ fún kò lè gba ọ̀nà tuntun.

Mi ò sọ pé bàbà yóò wà títí láé. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, láti oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni a kò ti ta irú ìlà àtijọ́ yìí fún oníbàárà tuntun mọ́, wọ́n sì ti pinnu pé okùn bàbà yóò kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọdún 2030. Ọjọ́ náà yóò dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá dé, ilé-iṣẹ́ tó ti kọ gbogbo iṣẹ́ ìlà rẹ̀ sílẹ̀ yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó wá dípò rẹ̀: orísun iná mìíràn, ọ̀nà ìpè mìíràn, ọ̀nà tí yóò gbà fi nọ́ńbà tuntun tó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ́wọ́ kí ti àtijọ́ tó dákẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó kàn gé okùn yóò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá pè é tí kò rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń darí bùrò, ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sáláṣí tàbí ẹgbẹ́, bí oníṣẹ́ bá gbé ẹ̀rọ tuntun wá, ẹ má ṣe lé e. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ìpè sílẹ̀. Ẹ tọ wáyà kọ̀ọ̀kan dé ìdí rẹ̀, kí ẹ mọ ohun tí a so mọ́ ọn. Kí ẹ tó san owó rẹ̀ tán, ẹ ní kí ó gbé tẹlifóònù kalẹ̀ lójú yín ní ogún ìgbà, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà ṣófo. Lẹ́yìn náà, ẹ pa iná gbogbo ilé, kí ẹ jókòó sínú òkùnkùn, kí ẹnì kan pè yín láti òde. Ní ilé ìgbẹ̀bí Àjàṣẹ́ yẹn, ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, akọ̀wé ń pa iná àpótí ẹ̀rọ, ó ń jáde sí géètì, ó ń pe nọ́ńbà náà. Màmá kì í dáhùn kí agogo tó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó sùn lè gbọ́ ọ.